Ta Ló Gbẹ́ Èèkù Ọ̀bẹ Àkọ́kọ́?

"Ọ̀bẹ wo ni wọ́n fi gbẹ́ èèkù ọ̀bẹ àkọ́kọ́?"

Àṣàkẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Àwọn alágbẹ̀dẹ Òkè-Ẹwìrì ló kọ́kọ́ bi, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ọmọ náà ní ọ̀bẹ lòun wí, òun ò wí òkúta. Òmíràn ní ó ní láti jẹ́ pé eyín ni wọ́n fi gé e jẹ. Àṣàkẹ́ fi ahọ́n kan àlàfo tó wà níwájú ẹnu rẹ̀, ó mi orí. Baba Ògúnjìnmí, tó dàgbà jù nínú wọn, gbé ẹ̀mú rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọmọ náà títí, ó wá ní kó lọ bi ìyá rẹ̀, nítorí pé ní gbogbo agbègbè yẹn, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tó obìnrin náà.

Òótọ́ ni baba náà sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àṣàkẹ́ délé tó bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró lórí iṣu tó ń bó. Ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ, ó ní kó lọ bu omi wá.

Ìbídùn ni orúkọ ìyá yìí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó fẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì wá di opó alágbẹ̀dẹ. Ògúnṣèye ọkọ rẹ̀ ló máa ń rọ ọ̀bẹ fún àwọn tó ń wọ igbó ńlá: ọdẹ, adẹ́mu, àti àwọn tó ń wá oyin lórí igi gíga. Ọ̀bẹ igbó yàtọ̀ sí ọ̀bẹ ilé. Bí ọ̀bẹ ilé bá kú lọ́wọ́ ẹni, èèyàn á yá ti ará ilé kejì. Nínú igbó, kò sí ilé kejì. Òun lèèyàn yóò fi la igi ìdáná, òun ni yóò fi kun ẹran, òun náà ni yóò fi gé okùn bí okùn bá há a mọ́ òkè. Nítorí náà ni Ògúnṣèye ṣe máa ń fi irin rẹ̀ sínú iná títí irin á fi jẹ iná yó. Bó bá parí, á lu àmì kékeré kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bẹ náà, àmì róbótó tó ní ihò láàárín, bí ojú ẹyẹ.

Ó kú, ṣùgbọ́n ojú ẹyẹ kò kú. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tí ọ̀bẹ olójú-ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà, tó ń dán, tó ń kọ mànà, ní owó pọ́ọ́kú, àwọn èèyàn sì ń rà á. Ìbídùn mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà sórí àtẹ.

Ó ní, "Òkú kì í rọ ọ̀bẹ."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti ń gbé ọ̀bẹ wá fún un kí wọ́n tó rà á. Kì í wo ti dídán rárá. Ó ní iyanrìn àti epo lè mú kí ohunkóhun dán. Á fi èékánná ta ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, á sì gbé e sétí. Irin tó jẹ iná yó máa ń kọrin, ohùn rẹ̀ a sì pẹ́ kó tó kú. Irin àgbá tí wọ́n kàn lù pẹlẹbẹ a máa ké kúkúrú, bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́nu. Á fi ìka wá àmì náà kàn. Ojúlówó, tí wọ́n lù nígbà tí irin gbóná, etí rẹ̀ a máa tẹ́jú. Ayédèrú, tí wọ́n lù sára irin tútù, etí rẹ̀ a máa họ ìka. Lẹ́yìn náà ni á fa ẹnu ọ̀bẹ lé ọparun gbígbẹ lórí, á wò ó bóyá ó ká.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro jù, òun sì ni èèkù. Ẹnì kan á fi aṣọ di irin ọ̀bẹ mú, ẹlòmíràn á fi egungun kan èèkù rẹ̀, kó, kó, kó. Bí ìdí irin bá gùn wọnú igi, tó sì kún ihò rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo lèèyàn yóò gbọ́. Bó bá jẹ́ pé oje igi ni wọ́n fi lẹ irin mọ́ inú ihò tó gbà á ní àgbàjù, ohùn méjì ni yóò jáde, ọ̀kan á máa tẹ̀lé èkejì, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ohun tó ń sọ kò dá lójú. Lórí èyí, Ìbídùn ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá de èèkù mọ́ ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dá èèkù náà lẹ́jọ́. Ó ní ohun tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ bá fẹ́ gbọ́ ni etí rẹ̀ yóò máa sọ fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo tó tún mọ àwọn ohùn wọ̀nyí ni Tinúadé, ìyàwó ilé kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn méjèèjì wá sílé ọkọ. Ọgbà ọparun kan ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí ṣì dà bí eré, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń jókòó tì í: Tinúadé á di irin mú, Ìbídùn á kan èèkù, wọ́n á sì pààrọ̀ ọwọ́. Àmọ́ oníṣòwò ni Tinúadé. Ó ra ẹrù ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ àwọn ará etí odò, ó ní ọ̀bẹ ilé lòun ń tà, òun ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ igbó.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni èèkù ọ̀bẹ yọ mọ́ ọkùnrin kan lọ́wọ́ lórí igi àràbà, níbi tó ti ń gé afárá oyin, ó sì já bọ́. Orí ẹní ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti ra ọ̀bẹ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, Ìbídùn lọ dúró níwájú àtẹ Tinúadé, ó mú ọ̀bẹ kan sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Irú èyí ló pa á," ó wí. "Èyí kò tó gé orí ẹja."

Tinúadé ká ọjà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e rù, ó sì lọ. Ọ̀bẹ tí Ìbídùn mú sókè kù sí Ìbídùn lọ́wọ́. Ojú ń tì í láti dá a padà, ó sì ń ṣe é bíi pé kò tọ́ kó sọ ọ́ nù, ló bá fi ń bó iṣu.

Láti ìgbà náà, Tinúadé kò kí i mọ́. Kì í ṣe Tinúadé nìkan. Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ láìfi epo sí i, àwọn èèyàn a máa bọ̀wọ̀ fún un, wọn kì í bá a jẹun. Àwọn ará ìlú ń gbé ọ̀bẹ wá, wọ́n ń dúró lórí ìdúró, wọ́n ń gbọ́ ìdájọ́ wọn, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ṣé ó jí dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, bí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bá jókòó ti ààrò, á máa gbọ́ bí Tinúadé ti ń lọ ata ní òdì kejì ọgbà. Ó máa ń mọ ọjọ́ tí òtútù bá mú un, nípa ikọ́ rẹ̀. Ó máa ń mọ ọjọ́ tí kò bá dáná. Àpótí tí Tinúadé máa ń jókòó lé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, Ìbídùn kì í sì í jẹ́ kí Àṣàkẹ́ kó igi lé e.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń wá oyin ránṣẹ́ sí Akínlàbí, àkọ́bí Ìbídùn, pé ó ti tó ẹni tí í bá àwọn lọ. Inú ọmọ náà dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ní ti ìyá rẹ̀, ó ń béèrè igi tí wọ́n fẹ́ gùn, ó ń béèrè ẹni tí yóò wà lókè rẹ̀ àti ẹni tí yóò wà nísàlẹ̀, ó ń béèrè bóyá igbà tí wọ́n fi ń gun igi náà ti pẹ́. Akínlàbí rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, oyin la fẹ́ lọ wá," ó ní. "A ò lọ sógun."

Kò sí ohun tí ìyá lè ṣe sí igi, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí oyin. Ọ̀bẹ nìkan ló kù tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ sókè àjà, ó sọ ìdì aṣọ àtijọ́ kan kalẹ̀. Ọ̀bẹ tí Ògúnṣèye rọ gbẹ̀yìn ló wà nínú rẹ̀. Ojú ẹyẹ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú débi pé ó gé ìdì aṣọ náà bí wọ́n ti ń tú u. Ṣùgbọ́n kò ní èèkù. Ikú ti dé kí baba tó débẹ̀.

Baba Ògúnjìnmí gbọ́, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá, òun yóò gbẹ́ èèkù sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbídùn ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti rí èèkù tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń gbẹ́; ó ti dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní ẹ̀mí ọmọ òun kì í ṣe ohun tí òun lè fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ègé igi àpá kan, ó sì mú ọ̀bẹ ìbóṣu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Àṣàkẹ́ lóṣòó tì í, ó ń ṣa èérún igi. Ó wo ọ̀bẹ baba rẹ̀ tó wà lórí ẹní, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ṣebí ọ̀bẹ Baba ló mú jù nílùú yìí?"

"Òun ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi òun gbẹ́ ẹ?"

"Ibo ni kí n dì í mú? Ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ gé."

Àṣàkẹ́ rò ó títí. "Àánú ọ̀bẹ náà ṣe mí," ó ní.

Ìbídùn gbẹ́ igi náà títí ó fi bá àtẹ́lẹwọ́ mu, ó fi irin pupa jó ihò sí i, ó da oje gbígbóná sí i, ó sì gbá ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀. Nígbà tí oje náà dì, ó ní kí Akínlàbí wá di irin mú. Ó mú egungun, ó sì kàn án.

Ó gbọ́ ọ. Ohùn kejì wà níbẹ̀, kékeré, bí ẹni tó ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ká ní ọ̀bẹ ẹlòmíràn ni, ì bá ti fọ́ èèkù náà kí ohùn yẹn tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé igi náà ló ṣì tutù, tí kò tíì gbẹ. Ó sọ pé egungun náà ti gbó. Ó tún un kàn, ó sì kàn án jẹ́jẹ́, kí ó má baà gbọ́ púpọ̀.

"Ṣé ó dáa, Ìyá?" Akínlàbí bi í.

"Ó dáa."

Akínlàbí ki ọ̀bẹ bọ inú àkọ̀, ó lọ di ẹrù rẹ̀. Ìbídùn jókòó, ọkàn rẹ̀ kò sì jókòó. Òfin tó fi ń na gbogbo ayé ń na òun náà wàyí. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí ọgbà ọparun. Láti àárín ọparun ó rí Tinúadé tó jókòó lóun nìkan ti àwo oúnjẹ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Ìbídùn fẹ́ pè é. Kí ni yóò wí? Pé kí ẹni tó dójú tì lọ́jà wá yá a ní etí? Ó yí padà wálé.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ "Àgò onílé" lẹ́nu ọ̀nà. Tinúadé ni. Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ kí i, Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì wọn, bíi pé àná ló rí wọn gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá wọn.

"Mo gbọ́ ohùn èèkù yẹn láti ìdí ọgbà," ó ní. "Mo dúró kí n gbọ́ ìgbà tí wàá fọ́ ọ. Mi ò gbọ́."

"Igi náà ló ṣì tutù."

"Ìbídùn, báwo ni igi tútù ṣe ń dún? Ìwọ lo kọ́ mi."

Ìbídùn wo ilẹ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dára.

"Ṣé o wá san án fún mi ni?"

"Bí mo bá fẹ́ san án, ọjà ni ǹ bá ti san án, níbi tí o ti yá mi," Tinúadé wí. "Ọwọ́ mi ni Akínlàbí dì mú lọ́jọ́ tí wọ́n sin baba rẹ̀. Gbé ọ̀bẹ yẹn wá. Kọjú sí ògiri. Má wò ó. Gbọ́ ọ bí ẹni tí àjèjì gbé e wá bá."

Ìbídùn kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, Tinúadé fi etí ìró rẹ̀ di irin mú, ó sì kàn án. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kan ọ̀bẹ gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn. Ohùn méjèèjì jáde kedere, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Kò sí igi tútù nínú rẹ̀, kò sí egungun tó gbó.

"Fọ́ ọ," Ìbídùn wí sí ògiri.

Wọ́n là á. Ihò náà ti fẹ̀ jù lápá kan níbi tí irin pupa ti yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá kan ìdí ọ̀bẹ kan igi, apá kejì fara ti oje lásán, oje náà sì ti sán. Akínlàbí mú ìlàjì èèkù náà, ó fi ọmọ ìka rẹ̀ sínú àlàfo náà, ó gbà á. Ó lọ jókòó ti iná, kò sì fi oyin ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tinúadé lọ mú igi àpá kan tó ti gbẹ dáadáa wá láti ilé rẹ̀. Nígbà tó nawọ́ mú ọ̀bẹ tí yóò fi gbẹ́ ẹ, ó dá a mọ̀.

"Ọ̀bẹ mi nìyí."

"Òun ni."

"Èyí tí kò tó gé orí ẹja."

"Kò tó o náà," Ìbídùn wí. "Igi ló ń gbẹ́."

Tinúadé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, láìwò ó bóyá ó mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi ni ọkùnrin yẹn ti ra ọ̀bẹ rẹ̀," ó wá ní.

"Mi ò mọ ibi tó ti rà á. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀."

"Ó dùn mí, Ìbídùn."

"Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ìdí ọgbà lójoojúmọ́."

Ọwọ́ Tinúadé ló gbẹ́ èèkù tuntun náà, ọwọ́ rẹ̀ náà ló dè é. Nítorí náà, Ìbídùn lè dá a lẹ́jọ́ wàyí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn, ó kún, ó sì rọra kú. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì, bí kò ṣe pé ohùn náà dùn mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀bẹ náà fún Akínlàbí. Ọmọ náà fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì ti sùn kó tó na ẹsẹ̀ tán.

Àṣàkẹ́ nìkan ló ṣì lajú, ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun, ìbéèrè kan ló kù. Ó sì bi Tinúadé ní ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ kò rí fèsì sí. Tinúadé wo ọ̀bẹ pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo èérún igi tó kún ìró rẹ̀.

"Ọ̀bẹ kejì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ," ó ní.

"Kí ni àkọ́kọ́ wá ń ṣe kí èkejì tó dé?"

Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ó ń dúró ni."

Ìdáhùn náà tẹ́ ọmọ lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì pa dé. Tinúadé ní òun ń lọ sílé, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó fi orí ti ògiri lórí àpótí rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ìmí rẹ̀ fi gùn. Ìbídùn fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó tẹ́tí sí i, ó tẹ́tí sí ti Akínlàbí, ó tẹ́tí sí ti Àṣàkẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń tẹ́tí sí irin, ó ń wá ohùn tí kò dára láàárín wọn. Kò rí ọ̀kankan. Ọ̀la ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú igi gíga rẹ̀, ìyá kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, òun náà sùn.

Inú ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, tó fi dé ẹnu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń wí títí di òní pé: ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.